Àpò Ìrẹsì Kan Lórí Òkè Iyanrìn

Òjò gidi kì í rọ̀ ní Lima.
Kùrukùru ni wọ́n ní,
kùrukùru tí í ti inú òkun wá lóru,
tí í fi ahọ́n lá páànù ilé gbogbo,
síbẹ̀ tí kò tó omi ife kan.

Lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn ti parí,
Eudosia Huamaní fi pákó kọ́ ilé sórí iyanrìn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ omi ń gun òkè wá,
bí ó bá wu ọkọ̀ náà.
Owó àgbá kan, owó oúnjẹ ọjọ́ kan ni.
Ta ni yóò ra irú omi bẹ́ẹ̀ kó dà á sílẹ̀?

Ìyá yìí dà á sílẹ̀.
Rárá, ẹ jẹ́ n tún un sọ:
ó fi ṣan ìrẹsì, ó fi fọ ọwọ́ ọmọ,
ó fi fọ ìkòkò, kó tó dà á sílẹ̀.
Omi tó ti ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó ku ìkẹrin.

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bẹ́,
ó yí i gun òkè bí ẹni ń lé ewúrẹ́ olóríkunkun.
Ó bu iyanrìn sí i, ó da èèpo ẹyin sí i,
àti ìgbẹ́ àwọn ẹmọ́ tó ń sìn nídìí ààrò.
Ó gbin kọriáńdà. Ọṣẹ inú omi pa á.
Ó gbin lẹ́túùsì. Ajá Nemesio tọ̀ sí i.
Nemesio fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Eudosia, o ti sọ ilé di ààtàn!
Ìgò ẹlẹ́rìndòdò, agolo mílíìkì,
ṣé àwọn wọ̀nyí ni yóò bí oúnjẹ?"
Kò dá a lóhùn. Okùn wà láàárín eyín rẹ̀,
ó ń so ìgò mọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ kan ó gbá abẹ́ ibùsùn,
ó rí pòtétò kan tí wọ́n ti gbàgbé.
Ó ti hunjọ bí ìgbọ̀nwọ́ arúgbó,
ó ti yọ ojú mẹ́ta, funfun, gígùn,
ojú tí ń táràrà wá ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ó yẹ kó jù ú nù.
Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi èdè ìyá rẹ̀ kí i,
èdè orí òkè olótùútù
tí kò rí ẹni bá sọ láti ìgbà tó ti sá fún ìbọn.

Àwa ń pè é ní ànàmọ́ òyìnbó.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Eudosia gbọ́.
Àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú yìnyín
kí òyìnbó kankan tó mọ adùn rẹ̀.

Ó ká ẹnu àpò ìrẹsì wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò,
ó tẹ́ pòtétò sí ìsàlẹ̀, ó bo ó díẹ̀.
Ewé yọjú, ó tú ìká kan, ó bu erùpẹ̀ lé e.
Ewé tún yọjú. Ó tún tú ìká kan.
Báyìí ni àpò ń ga, tí ewé ń ga,
bí ọmọ méjì tó ń fi èjìká wọn ara wọn.

Lóṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọkọ̀ omi kò wá.
Wilmer, ọmọ ọmọ rẹ̀, ta àwọ̀n ẹja tó ti ya
sáàárín igi méjì, ó ní òun ń dọdẹ kùrukùru.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́: tó... tó... tó...
Ìdajì ike.
Ìdajì ike tó fún àpò kan.

Nígbà tí ewé pọ́n bí ìwé àtijọ́,
wọ́n yí àpò náà dà sórí aṣọ ìbora.
Wilmer ń kà: mẹ́ta, méje, mọ́kànlá,
àti ọ̀kan tó kéré bí ẹyin àdàbà,
tó ní kò tó ohun à ń kà.
"Kà á," ni ìyá àgbà wí.

Wọ́n se mẹ́jọ. Iyọ̀ àti ata nìkan.
Òórùn rẹ̀ fo ọgbà dé ọ̀dọ̀ Nemesio.
Ó dé, ajá rẹ̀ tẹ̀lé e,
kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ààtàn.
Ó jẹ ọ̀kan, ó dákẹ́ pẹ́,
ó wá bèèrè bóyá àpò òfìfo ṣì wà.

Èyí tó kéré jù wà lábẹ́ ibùsùn,
nínú òkùnkùn.
Eudosia ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbá ibẹ̀.